Agbémọ́lẹ̀ Kọ́ Ni Lúsíférì

Bí ìwé òyìnbó bá ti dárúkọ ẹ̀mí búburú kan, Èṣù ni ògbufọ̀ Yorùbá máa ń nawọ́ mú. Ọ̀gá àwọn áńgẹ́lì tó ṣubú, Èṣù ni. Àwọn ẹ̀mí kéékèèké tó ń gun ènìyàn, èṣù ni wọ́n. Mephistopheles inú eré Faust tí Goethe kọ, Èṣù lòun náà. Ọ̀rọ̀ ń lọ bẹ́ẹ̀ títí òǹkọ̀wé kan fi sọ pé ibi kì í ṣe ẹyọ kan, pé méjì ni, àti pé ọ̀nà àwọn méjèèjì kò pàdé. Èwo ni Èṣù nínú wọn nígbà náà?

Rudolf Steiner ni òǹkọ̀wé ọ̀hún. Wọ́n bí i ní 1861 ní Kraljevec, ìlú kékeré kan tó wà lábẹ́ ìjọba Austria nígbà náà, tó ti di ara Croatia báyìí. Ó kú ní 1925 ní Dornach, ní Switzerland. Ẹni tí kò ka ìwé rẹ̀ kankan rí lè ti gbọ́ nípa àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Waldorf. Ní Stuttgart ni àkọ́kọ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1919, fún àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ sìgá. Ohun tó kọ́ni nípa ibi kò ṣòro láti sọ. Agbára méjì ló ń fa ènìyàn. Lucifer ń fà á lọ sókè: ìgbéraga, àlá, ìran, orin, ìtara àti ibà wá láti ọwọ́ rẹ̀, títí ẹsẹ̀ ènìyàn kò fi ní kanlẹ̀ mọ́. Ahriman ń fà á lọ sísàlẹ̀: ohun tí a kò bá lè kà, tí a kò lè wọ̀n, kò sí lójú tirẹ̀, òun ló ń sọ ọkàn di tútù, tó ń mú kí ara le gbagidi. Wòlíì tó pa iṣẹ́ tì nítorí ìran tó ń rí lójoojúmọ́ wà lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹni tó mọ iye tí ìsìnkú ìyá rẹ̀ ná an dé orí kọ́bọ̀, tí kò sì rántí ohùn ìyá náà mọ́, ọwọ́ ti èkejì ló wà.

Steiner kò ní kí a lé wọn lọ o. Ọ̀dọ̀ Lucifer, ó ní, ni iṣẹ́ ọnà àti òmìnira ti wá. Ọ̀dọ̀ Ahriman ni ẹ̀rọ àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wá. Àṣejù wọn ló ń pani.

Ère kan wà ní Dornach tó sọ ọ̀rọ̀ yìí ju ìwé lọ. Igi ni Steiner àti Edith Maryon, agbẹ́gilére obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi gbẹ́ ẹ, ó sì ga tó mítà 9. Ẹnì kan dúró láàárín, ó na ọwọ́ kan sókè, ó na èkejì sísàlẹ̀. Lókè, Lucifer ń já bọ̀, ìyẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ́. Nísàlẹ̀, Ahriman há sínú ihò àpáta. Ẹni àárín kò lu ìkankan nínú wọn. Dídúró tó dúró ni wọn kò lè fara dà. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá, 1922, iná sọ ní gbọ̀ngàn onígi tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ère náà sí, ó sì jó gbogbo rẹ̀. Ère kò tíì wọlé, ìyẹn ló fi yè.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí kò gba wàhálà láti tú sí Yorùbá pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ara, ọkàn, ẹ̀mí: wọ́n wà nílẹ̀, kí a mú wọn lò. Àtúnwáyé, Babátúndé àti Yétúndé ti jẹ́rìí sí i. Kámà, kó máa jẹ́ kámà. Orúkọ ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì hun, 'ènìyàn' àti 'ọgbọ́n', ọgbọ́n-ènìyàn ni yóò jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní antropósófì, ilé kò ní tìtorí ìyẹn wó.

Orí 'ibi' la ti kọ́kọ́ máa kọsẹ̀. Ẹni tó bá kọ 'ibi méjì' gàdàgbà sókè ìwé, òǹkàwé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá àdírẹ́sì. Ibi tó jẹ́ òdì ire àti ibi tí à ń lọ, ohùn kan náà ni wọ́n ní, àmì kò lè yà wọ́n. Aburú ló yẹ: aburú méjì kò ní ìtumọ̀ mìíràn. Kí a sì fi 'agbára òkùnkùn' sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ìsọjí. Ó fẹ́ bá Ahriman mu. Ní ti Lucifer, òkùnkùn kọ́ ni ìṣòro tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí Èṣù. Ajayi Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoogùn, ló ṣe aṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tó parí ní 1884, inú ìtumọ̀ náà sì ni Èṣù ti di olórí gbogbo ibi. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé Crowther mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà. Sàtánì wà nínú Bíbélì kan náà, wọ́n yá a, wọ́n sì fi fáwẹ̀lì tì í nídìí. Orí kẹrin ìwé Matteu lo àwọn méjèèjì kó tó dé ẹsẹ kọkànlá. Àwọn Mùsùlùmí tọ ọ̀nà yíyá ní tiwọn: Ṣàítánì tí wọ́n mú láti inú Lárúbáwá ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá pátápátá, ìyá oníyá sì ń fi bá ọmọ rẹ̀ wí lọ́jà. Bí ẹ̀yá ọ̀rọ̀ kan náà ṣe gba ilé méjì wọlé láìmú òrìṣà ẹnikẹ́ni lọ́rùn, kí ló dé tí wọ́n tún fi wá Èṣù kàn?

Aburú yìí kò dé ibi gbogbo tí òrìṣà náà dé. Ní Brazil, Exu wọ ẹ̀wù pupa, ó sì ní ìwo lórí nínú ọ̀pọ̀ ère tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ní Cuba ẹ̀wẹ̀, Elegguá ni wọ́n ń pè é, ẹni mímọ́ tí wọ́n sì fi bò ó láyé ìkọ̀kọ̀ ni Ọmọdé Mímọ́ ti Atocha, ìyẹn Jésù nígbà tó wà ní kékeré. Òrìṣà kan náà ló di Sàtánì lẹ́nu àwọn kan tó sì di Jésù lẹ́nu àwọn mìíràn.

Ìjìnlẹ̀ Ifá gan-an fi àyè tó ń gbé hàn. Wándé Abímbọ́lá ti kọ ọ́ dáadáa: àwọn irúnmọlẹ̀ 400 wà lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n ń gbe ènìyàn, àwọn 200 wà lọ́wọ́ òsì, àwọn ni ajogun, tí Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe jẹ́ olórí wọn. Èṣù ń bá ọ̀tún ṣe, ó ń bá òsì ṣe. Òun ló ń gbé ẹbọ. Ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí fìlà aláwọ̀ méjì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn kò sọ ohun mìíràn: Èṣù gba àárín kọjá, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì rí ẹ̀gbẹ́ kan péré. Bí a bá fi tipátipá wá àyè fún un lára ère Dornach, ẹ̀gbẹ́ ẹni àárín la máa bá a. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sọ èyí ní Dornach, kó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Èyí ju ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fún ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń pariwo pé Èṣù kì í ṣe Sàtánì jàre. Steiner fúnra rẹ̀ bá Goethe wí pé ó po Lucifer àti Ahriman pọ̀ sínú Mephistopheles kan ṣoṣo. Ògbufọ̀ tó bá pe àwọn méjèèjì ní Èṣù ti tún da ohun tí Steiner fi gbogbo agbára yà sọ́tọ̀ pọ̀.

A ti yọ Èṣù kúrò. Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Lédè Látìn, Lucifer ni ẹni tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ wá, ìràwọ̀ tó ń yọ kí oòrùn tó là. Yorùbá mọ ìràwọ̀ náà: Àgùàlà ni, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní ajá òṣùpá nítorí pé ó máa ń bá a rìn. Orúkọ náà wuni. Ṣùgbọ́n ajá òṣùpá kò ní ìgbéraga kankan lára, ẹ̀yìn ẹlòmíì ló ń tọ̀. Ìràwọ̀ òwúrọ̀ ńkọ́? Jésù ti gba ìyẹn ní orí ìkẹyìn ìwé Ìfihàn.

Ẹni tó fẹ́ràn ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yóò ní kí a tú u ní tààràtà: a-, gbé, ìmọ́lẹ̀, pa fáwẹ̀lì kan jẹ, ó di Agbémọ́lẹ̀. Lórí ìwé, kò sí àbùkù. Ẹ wá pè é sétí àgbàlagbà kan tí kò ka ìwé Steiner, kí ẹ bi í léèrè ta lẹni náà. Mọ́lẹ̀ ni etí Yorùbá yóò gbọ́, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀: tẹ̀ mọ́lẹ̀, dì mọ́lẹ̀, gbá mọ́lẹ̀, là mọ́lẹ̀. Agbémọ́lẹ̀ á wá dà bí ajìjàkadì tó gbé ènìyàn nílẹ̀ tó sì là á mọ́lẹ̀. Orúkọ tí a sọ fún ẹni tó ń fani sókè ti di orúkọ ẹni tó ń fani sísàlẹ̀! Bí ẹni tó ń tẹ̀wé bá tún wá gbàgbé àmì orí ọ, Agbémọlẹ̀ yóò jáde, ẹni tó ru imọlẹ̀ lórí, a ó sì tún bá ara wa láàárín àwọn òrìṣà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Èyí ni àléébù títú orúkọ ní oríkèé-oríkèé. Ìtàn orúkọ kọ́ ni iṣẹ́ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Àwọn tó ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì fún rédíò kò béèrè ohun tí rédíò jẹ́ ní Látìn. Wọ́n wo ohun tó ń ṣe, wọ́n rí i pé kì í fèsì, wọ́n sì fi ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ sí i. Amóhùnmáwòrán náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ayárabíàṣá, tí wọ́n sọ kọ̀ǹpútà, yíyára nìkan ló sọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi kù sínú ìwé ìdánwò tí gbogbo ìgboro sì ń pe kọ̀ǹpútà. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 fi hàn pé èdè wa lè hun ọ̀rọ̀ tó wúlò fún iṣẹ́ ìmọ̀ láìlọ́ ahọ́n. Ohun tó kù ni ká máa pè é kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Kí ni Lucifer ń ṣe? Ó ń gbé ènìyàn kúrò nílẹ̀. Amúnigbéraga tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìgbéraga nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dábàá pé kí a ní ó ń gbé ọkàn sókè gbàgbé pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lókè ní Yorùbá, àìbalẹ̀ ọkàn ló ń ṣe é. Agbénifò ló dára jù: a-gbé-ni-fò, ẹni tó gbé ọ, tó sì bá ọ fò lọ. Àwọn kan yóò ní ó rùn bí àjẹ́. Kó máa rùn bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀mí àìmọ́ là ń sọ, kì í ṣe gbajúgbajà olórin.

Ti Ahriman tún le jù. Páṣíà ni orúkọ náà ti wá, láti inú ẹ̀sìn Zarathushtra, níbi tí Angra Mainyu, ẹ̀mí apanirun, ti ń bá ẹ̀mí rere jà. Ti Páṣíà kò jìnnà sí tibi-tire tiwa: ire kan, ibi kan. Steiner yá orúkọ náà, ó sì yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, nítorí náà 'Apanirun' tọ̀nà fún Páṣíà, kò tọ̀nà fún Dornach. Ahriman ti Steiner kì í run nǹkan. Ó ń tò ó, ó ń kà á, ó ń tì í pa.

Asọnidẹ̀rọ wuni: ẹni tó ń sọ ènìyàn di ẹ̀rọ. Ẹ kíyè sí àmì. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá fi lè bọ́ sórí ọ ìkẹyìn, ẹ̀rọ á di ẹ̀rọ̀, Ahriman á sì di alábàárò tó ń mú kí nǹkan rọni lọ́rùn. Níbi tí ìwé ìròyìn tí kì í fi àmì sọ́rọ̀ pọ̀ tó yìí, a kò lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wéwu. Atẹnimọ́lẹ̀ ti wà lẹ́nu àwọn olóṣèlú. Ohun tó kù ni Amúnimọ́lẹ̀, tó tọ ẹsẹ̀ amúnisìn tí a ti mọ̀: ó mú ọ, o kò lè gbéra. Ó tún bá Agbénifò ṣe tako-tabo. Mọ́lẹ̀ tó ba orúkọ Lucifer jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ti wá rí ilé rẹ̀.

Àwọn orúkọ gan-an ńkọ́? Kí a yá wọn. Lúsíférì ti wà nínú ìwé Isaiah lédè Yorùbá láti ìgbà Crowther. Ní ti Ahriman, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í sùn pọ̀ lédè wa, h sì ni yóò jáde, bó ṣe jáde nígbà tí Ahmad di Àmọ́dù, tí Ibrahim di Bùráímọ̀. Árímánì ni. Áhírímánì tí àwọn kan lè fẹ́, ẹnu á ti rẹ ènìyàn kó tó dé ìparí rẹ̀. Lúsíférì Agbénifò, Árímánì Amúnimọ́lẹ̀: orúkọ tí a yá, pẹ̀lú oríkì tí a fi ọwọ́ ara wa hun fún un.

Ó ku ẹni àárín. Ohun tó ń ṣe ti ní orúkọ tipẹ́: ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, wíwọn ọ̀tún àti wíwọn òsì, Steiner fúnra rẹ̀ ì bá yá a ká ní ó gbọ́ Yorùbá. Orúkọ ère náà ló fa ìjà, nítorí pé ẹni tó ń ṣojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n pè é. Àwọn kan á fẹ́ Ọmọlúàbí. Ó dùn, ṣùgbọ́n ìwà nìyẹn, a sì máa ń kọ́ ọmọlúàbí nílé. Ẹni inú ère kò ní òbí kankan tó ń bá a wí. Ọmọ ènìyàn jẹ́ ti Bíbélì. Aṣojú Ọmọnìyàn ló tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò mú òǹkàwé rántí àwọn aṣòfin Abuja. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju ilé ìgbìmọ̀ lọ, àwọn ló yá a. Kí ògbufọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ wọn.