Àmì ìdánimọ̀ ilẹ̀ Okun

Orúkọ, aṣọ, ọdún ìbílẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí fi ń jẹ́ kí aráyé dá wọn mọ̀ là ń pè ní àmì ìdánimọ̀ ilẹ̀ Okun. Ẹ̀ka márùn-ún ni àwọn ará Okun: Owé tí ń gbé Kàbà, Ìjùmú, Ìyàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ògìdì, ìlú olókè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, wà lára ibi tí iṣẹ́ aṣọ híhun ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Orúkọ àti ìtàn

Láyé àtijọ́, kò sí ọba kan tó jẹ lórí gbogbo wọn. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń dá jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Ìkíni ló pa wọ́n pọ̀. "Okun" ni wọ́n fi ń kí ara wọn nílé, lóko àti lọ́jà, ibẹ̀ sì ni orúkọ náà ti wá. Ẹnu kò kò lórí ẹni tó kọ́kọ́ fi í pe gbogbo ẹ̀yà náà. Àwọn kan ní Eva Krapf-Askari ni, onímọ̀ tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Owé, tó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde láwọn ọdún 1960. Àwọn mìíràn ní ẹnu àwọn aládùúgbò ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ìwé tó gbà á sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ní òótọ́ nínú. Ohun tó dájú ni pé àwọn tó ni í ti gbà á: òun ni ẹgbẹ́ Okun Development Association ń jẹ́.

Ìyà kan náà ló tún jẹ wọ́n. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Tápà láti Bídà kó wọn lẹ́rú, ọ̀pọ̀ sì sá gun orí òkè. Ní 1897, ọmọ ogun ilé iṣẹ́ Royal Niger Company wọ Kàbà kí wọ́n tó lọ ṣẹ́gun Bídà. Lẹ́yìn náà ni àwọn Okun bọ́ sábẹ́ Àríwá Nàìjíríà, wọ́n di ara Kwara láti 1967, wọ́n sì di ara Kogí ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991. Ìpàdé odò Ọya àti Bẹ́núé ní Lọ́kọ́ja ni ìpínlẹ̀ náà fi ṣe oríkì sára nọ́ńbà ọkọ̀. Oríkì yẹn kò dárúkọ àwọn Okun.

Aṣọ

Aṣọ ni àkọsílẹ̀ pọ̀ lé lórí jù. Àwọn obìnrin ló ń hun ún lórí òfì tí wọ́n gbé nàró. Ahunṣọ á jókòó kọjú sí i. Òwú ta láti ọ̀pá òkè dé ọ̀pá ìsàlẹ̀. Á ti òwú ìdábùú gba àárín wọn kọjá, á wá fi àpásà, pákó pẹlẹbẹ tó rí bí idà, gbá a títí yóò fi le. Aṣọ ibẹ̀ máa ń fẹ̀ ju aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn ń hun lọ. Òwú funfun àti èyí tí wọ́n fi ẹ̀lú pa láró ni wọ́n sábà máa ń lò.

Èyí tó lókìkí jù ni aṣọ ìpó ti Bùnú, aṣọ pupa tó jẹ mọ́ ìsìnkú àwọn olóyè. Elisha Renne, tó kọ ìwé Cloth That Does Not Die ní 1995, ṣàlàyé pé bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa ilé ìwòsàn ni wọ́n ń tú láti rí òwú pupa náà. Àwọn Ìgbìrà Òkènè àti àwọn Àkókó náà ń lo irú òfì yìí, nítorí náà ó yẹ kí a rọra sọ pé ti Okun ni gbogbo aṣọ àtijọ́ tó wà nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ògìdì

Ògìdì ni orírun Nike Davies-Okundaye, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí ní 1951. Ọ̀dọ̀ ìyá ńlá rẹ̀ ló ti kọ́ aṣọ híhun àti àdìrẹ kó tó gba Òṣogbo lọ. Ó dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ó tún ní i ní Èkó àti Àbújá, ó sì dá ibi ìkọ́ṣẹ́ aṣọ híhun sílẹ̀ ní Ògìdì. Ìlú náà tún ń ṣe ọdún iṣu tuntun lọ́dọọdún.

Òǹtẹ̀

Aṣọ Okun kò tíì ní òǹtẹ̀ kan tí òfin dáàbò bò. Ibòmíràn ti ní irú rẹ̀: ní erékùṣù Outer Hebrides ní Scotland, òfin 1993 sọ pé ohun tí ará erékùṣù náà bá fọwọ́ hun nílé rẹ̀ nìkan ni a lè pè ní Harris Tweed. Òfin àmì òwò Nàìjíríà ti 1965 fàyè gba àmì ìjẹ́rìí irú èyí. Orúkọ ti wà, aṣọ náà ti wà. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Okun forúkọ òǹtẹ̀ náà sílẹ̀ nígbà tí àwọn ìyá tó mọ àpásà í gbá ṣì wà láyé.