Endoscopy: Ta ló ń sọ pé dókítà ti mọṣẹ́?

Ká ní inú ti ń ta ẹnì kan ní Ìkọ̀lé fún oṣù mélòó kan, tí oògùn ọgbẹ́ inú ò ràn án mọ́. Wọ́n lè ní kó lọ sí Federal Teaching Hospital ní Ìdó-Èkìtì. Á gba Ọyẹ́ àti Ìfàkì kọjá pẹ̀lú ebi, torí wọn kì í jẹ́ kéèyàn jẹun ṣáájú àyẹ̀wò yìí. Rọ́bà gígùn tó ní iná àti kámẹ́rà lórí ni wọ́n máa tì bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dé inú ikùn. Endoscopy nìyẹn. Èyí tó ń gba ìdí wọlé lọ wo ìfun ńlá ni colonoscopy.

Tí ẹni tó mú rọ́bà yẹn bá kánjú, ó lè fo jẹjẹrẹ kékeré, kó ní kò sí nǹkan. Tó bá fi agbára tì í, ó lè dá ìfun lu.

Tẹ́lẹ̀, bíi fíríìdọ̀mù télọ̀ ni wọ́n ń ṣe é: wọ́n á ka iye ìgbà tí dókítà ti ṣe é, ọ̀gá á sì ní "ó ti mọ̀ ọ́n." Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é nígbà 200 lè ti ṣe é láìdáa nígbà 200. Ọ̀gá náà sì lè ní ààyò.

Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yẹ colonoscopy tó lé ní 9,000 wò níbẹ̀, èsì jáde ní 2004. Àwọn dókítà ní àwọn dé òpin ìfun ńlá nínú bíi 77 nínú 100. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹ̀rí tó dájú, ó já sí 57! Dókítà 17 péré nínú 100 ni ọ̀gá dúró tì nígbà 100 àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe. Ìlú ọba ni mò ń sọ o.

Ohun tó yí i padà ni ìwé máàkì. Ọ̀kan tó jáde ní 2010, GAGES, ń wo nǹkan 5: bí rọ́bà ṣe gba ọ̀fun kọjá, bí dókítà ṣe ń darí rẹ̀, bó ṣe ń jẹ́ kí ojú kámẹ́rà mọ́, bó ṣe ń lo irinṣẹ́, àti bóyá ó wo gbogbo ibi tó yẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba máàkì 1 sí 5. Nípa ti ọ̀fun, tí ọ̀gá bá ní láti gba rọ́bà lọ́wọ́ rẹ, 1 lo gbà. Tó o bá wọlé láìni aláìsàn lára, 5 ni. Ọ̀gá méjì tí wọn ò tiẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀ lè fún ọ ní máàkì kan náà.

Gẹ̀ẹ́sì ò pa kíka iye tì. Ní báyìí, 250 ni wọ́n ń béèrè fún endoscopy inú, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ tún dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré nínú 95 nínú 100.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò wọ́n gan-an, àmọ́ bébà àti bírò ò wọ́n. Ní tèmi, ọ̀gá tó máa dúró wò ló ṣòro rí ní Nàìjíríà, torí àwọn tó mọṣẹ́ ń jápa.

Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ endoscopy ní Yúróòpù ní kí àyẹ̀wò inú má dín ní ìṣẹ́jú 7, kí wọ́n sì ya fọ́tò 10 ó kéré tán. Tẹ́ ẹ bá mú màmá yín lọ, ẹ béèrè fọ́tò mọ́ èsì. Tó bá jẹ́ dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ló máa ṣe é, ẹ má sá. Ẹ kàn béèrè bóyá ọ̀gá rẹ̀ máa wà nínú yàrá.