Ta Ni Sinbad Ń Bá Jà? Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ọwọ́ Nínú Fíìmù The 7th Voyage of Sinbad (1958)

Ẹni tó bá ti ka ìtàn Sinbad atukọ̀ yóò tètè rí i pé orúkọ fíìmù yìí kò bá inú rẹ̀ mu. Ohun tí ojú Sinbad rí nínú ìrìnàjò keje kò sí níbẹ̀ rárá. Òmìrán tó ń sun atukọ̀ lórí iná, ìrìnàjò kẹta ló ti wá. Ọmọ ẹyẹ Roc tí wọ́n pa jẹ, tí àgbà ẹyẹ sì wá gbẹ̀san, ìrìnàjò karùn-ún ni. Àlùjànnú inú fìtílà kì í tilẹ̀ ṣe ti Sinbad, ti Aladdin ni. Ńṣe ni Kenneth Kolb, tó kọ eré náà, ń ṣà á níbi tó ti dùn.

Ààfin Alhambra ní Granada, nílẹ̀ Spéènì, ni wọ́n sọ di Bagdad. Erékùṣù Majorca ni wọ́n fi ṣe Colossa, ibùgbé àwọn òmìrán. Ará Amẹ́ríkà ni Kerwin Mathews tó ṣe Sinbad, bẹ́ẹ̀ náà ni Kathryn Grant tó ṣe Parisa, ọmọ ọba tí oṣó Sokurah sọ di ìwọ̀n ìka ọwọ́. Ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ Lárúbáwá lọ síbẹ̀ yóò padà lọ́wọ́ òfo. Lójú tèmi, orí tábìlì Ray Harryhausen, ẹni tó mú àwọn ère inú rẹ̀ rìn, ni iyì fíìmù náà wà.

Los Angeles ni wọ́n bí Harryhausen sí lọ́dún 1920. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó wo fíìmù King Kong, ọ̀rọ̀ ère tó ń rìn kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ó ti ya Sinbad níbi tó ti ń bá egungun jà lórí àtẹ̀gùn, ó gbé àwòrán náà kiri ọ̀dọ̀ àwọn olówó sinimá, wọn kò dá a lóhùn, àfi ìgbà tó kan Charles Schneer. (Egungun inú ara ni mo wí o, kì í ṣe ará ọ̀run.)

Dynamation ni Schneer sọ ọgbọ́n tí Harryhausen fi ń da ère pọ̀ mọ́ ènìyàn. Wọ́n á kọ́kọ́ ya àwọn òṣèré. Harryhausen á wá máa tan àwòrán wọn sára aṣọ kékeré kan, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, ère á sì dúró lórí tábìlì níwájú aṣọ náà. Á fi ọ̀dà dúdú bo apá kan gíláàsì iwájú kámẹ́rà, á yà á. Á dá fíìmù padà sẹ́yìn, á sì wá ya apá tó bò tẹ́lẹ̀. Báyìí ni ère ṣe ń bọ́ sáàárín ènìyàn. Ó fún òmìrán olójú kan ní ẹsẹ̀ ewúrẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ènìyàn ló gbé ẹ̀kú wọ̀.

Egungun tí à ń wí yìí kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Enzo Musumeci Greco, olùkọ́ ìjà idà ará Ítálì, ló kọ́kọ́ dúró nípò rẹ̀. Òun àti Mathews ń ka iye bí idà ṣe ń kan idà, ení, èjì, ẹ̀ta, títí ó fi mọ́ra. Lẹ́yìn náà Greco yẹra, Mathews sì ń bá afẹ́fẹ́ jà lórí iye kan náà. Ẹ wo bó ṣe ń tẹjú mọ́ ibi tí kò sí ẹnì kan, tí idà rẹ̀ ń dúró gbọn-in bí ẹni pé irin dá a dúró. Kò sí ibòmíràn tó ti ṣeré tó bẹ́ẹ̀. Ó wá ku Harryhausen àti ère. Àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 1,440 ní ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kan apá, ọrùn, orúnkún àti asà láàárín ọ̀kan sí èkejì.

Bernard Herrmann fi ohun èlò onípákó ṣe orin ìjà náà, kó-kó-kó, bí egungun tó ń kọlu ara wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń yẹ fíìmù wò gé ìran náà kúrò, wọ́n ní yóò dẹ́rù ba àwọn ọmọdé. Harryhausen kò ju ère náà nù. Nígbà tí fíìmù rẹ̀ mìíràn, Jason and the Argonauts, jáde lọ́dún 1963, egungun méje ló ń jà níbẹ̀. Èyí tó bá Sinbad jà wà lára wọn.