Ọdẹ kì í ṣe ọ̀dẹ̀

Ní Mushin tiwa, ẹni tó ń fọn fèrè ṣọ́ àdúgbò lóru là ń pè ní ọdẹ. Tá a bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù láìfi àmì sí i, ó lè di ọ̀dẹ̀. Àṣìṣe ńlá nìyẹn o!

Kí ìbọn tó dé, ọrun àti ọfà lọdẹ ń gbé wọ ìgbẹ́. Ọfà kì í lọ jìnnà, ọdẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù: iná ti jó koríko, omi ti gbẹ, ẹran á máa wá síbi odò tó kù. Ọdẹ á ti ka ipa ẹsẹ̀ wọn, á wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí ẹran má gbọ́ òórùn rẹ̀. Á wá fi oró ra ẹnu ọfà, oró tí wọ́n ń sè láti ara kóró ìtàkùn Strophanthus.

Ní 1885, Thomas Fraser ní Edinburgh sọ irú oró ọfà Áfíríkà bẹ́ẹ̀ di oògùn àìsàn ọkàn. Àwọn ọdẹ ti mọ agbára rẹ̀ tipẹ́.

Orúkọ iṣẹ́ yẹn ni bàbá tó ń ṣọ́ wa lóru ń jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa fàmì sí i.