Ìrísí fọ́tò àtijọ́: ṣé ti awò kámẹ́rà ni, tàbí ti àṣà?

1. Ìbéèrè

Àwọn ayafọ́tò a máa sọ pé awò kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ní ìrísí tirẹ̀: ojú ènìyàn á mọ́ kedere, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣe bàìbàì. Àpẹẹrẹ wọn ni Noctilux tí ilé iṣẹ́ Leitz ní Jámánì gbé jáde ní 1966. Ìbéèrè náà kò ṣàjèjì sí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè: bí nǹkan méjì bá jọra, ṣé wọ́n jogún rẹ̀ ni, ṣé wọ́n yá a ni, tàbí ó kàn ṣe kòńgẹ́?

2. Orúkọ kan, ìran mẹ́ta

Noctilux àkọ́kọ́ ṣí dé f/1.2, ojú awò méjì nínú rẹ̀ kò tẹ̀ bíi ti bọ́ọ̀lù. Èyí tó tẹ̀lé e ní nǹkan bí 1976 ṣí dé f/1, ṣùgbọ́n gbogbo ojú rẹ̀ ló tẹ̀ bíi ti bọ́ọ̀lù. Ti 2008 ṣí dé f/0.95, ó sì padà sí ọgbọ́n ti àkọ́kọ́. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni orúkọ àti ojú tó ṣí gbayawu. Bí a bá pa ojú náà dé f/8, ẹ̀yìn á túbọ̀ mọ́ sí i, ìyàtọ̀ wọn á sì dín kù.

3. Fọ́tò ilẹ̀ Yorùbá

Ní 1978, nínú African Arts, Stephen Sprague ṣàpèjúwe fọ́tò àgbà tó rí ní Ìlá Ọ̀ràngún: àgbà jókòó, ó dojú kọ kámẹ́rà, ó gbé ọwọ́ lé itan, aṣọ tàn kálẹ̀, gbogbo ara hàn. Ẹni tó fẹ́ kí aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti bàtà hàn kò ní fẹ́ ojú awò tó ṣí gbayawu. Ó tún kọ nípa ìbejì: bí ọ̀kan bá kú, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á sì tẹ àwòrán rẹ̀ ní méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò sí awò tó ń ṣe èyí fúnra rẹ̀. Ní Bamako, Seydou Keïta kọ́kọ́ fi aṣọ ìbùsùn rẹ̀ ta ẹ̀yìn. Àwọn aṣọ ẹ̀yìn tó ń pààrọ̀ ló fi wá ń mọ ọdún tí òun ya fọ́tò.

4. Ìparí

Bí a bá rí fọ́tò àtijọ́ lára ògiri pálọ̀ ní Sakété tàbí Pobè, tí a sì ní kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn ló ṣe é, a ti yọ ìpinnu ẹni tó jókòó àti ẹni tó yà á kúrò nínú ìtàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kó irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ jọ kọ ìjókòó, aṣọ àti ọ̀rọ̀ tí àwọn onílé fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀ sílẹ̀, kó tó béèrè awò.