Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Òwò Kòkó? Àgbẹ̀, Oníṣòwò àti Ilẹ̀ ní Agbègbè Lálúpọn

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí òwò kòkó. Ìdáhùn mi kò gùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń ra irè oko ń sọ lóde òní pé ojúṣe àwọn ni kí ilẹ̀ má ṣá, kí igbó má run, kí àgbẹ̀ má sì kú sínú ìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Iṣẹ́ tiwa sì ni láti yẹ ọ̀rọ̀ wò: ta ni ó sọ ọ́, ta ni ó sọ ọ́ fún, kí ni ó sì ná ẹni tí ó sọ ọ́? Lálúpọn àti àwọn abúlé tí ó wà ní Lágelú, Ẹgbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà àti Akínyẹlé ni n ó ti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ojúṣe nínú òwò kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Láàrin àwọn Ẹ̀gbá, àwọn Pàràkòyí ni ó ń mójú tó ètò òwò; ẹni tí a bá yàn jẹ mọ ilé tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Èrò mi lónìí ni pé láti ìgbà tí kòkó ti dé, òwò náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ẹni tí ń gbìn ín kò fi tó ẹni tí ń jẹ èrè rẹ̀ mọ́. Àti pé nígbàkígbà tí àtúnṣe bá dé, orí àgbẹ̀ ni a ń gbé ẹrù rẹ̀ lé.

1. Bí kòkó ṣe gba igbó Ìbàdàn

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Kírìjì tú ká ní 1893, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn tí ogun ti jẹ́ iṣẹ́ wọn ní láti wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Igbó wà ní gúúsù àti ní ìlà-oòrùn ìlú. Ní Agége, J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní oko kòkó ńlá, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1907. Àwọn tí ó lọ ṣe lébìrà ní Agége kó ìmọ̀ àti irúgbìn padà sí ilé. Reluwé láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ojú irin náà sì gba Lálúpọn kọjá. Ẹrù tí alárùú ì bá fi orí gbé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ wá di ohun tí ọkọ̀ ń gbé dé etí òkun kíákíá.

Kòkó kì í yára so. Ẹni tí ó bá gbìn ín yóò dúró fún nǹkan bí ọdún márùn-ún kí ó tó kórè ohun tí ó nítumọ̀. Ní àárín àkókò yẹn, yóò jẹun, yóò san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ bí ilẹ̀ kì í bá ṣe ti ìdílé rẹ̀, yóò sì bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Báyìí ni gbèsè ṣe wọ inú òwò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Alágbàtà yá àgbẹ̀ lówó sórí kòkó tí kò tíì pọ́n. Ilé-iṣẹ́ Òyìnbó ni ó yá alágbàtà. Ẹni tí ọwọ́ bá ká mọ́ sì ń fi oko kòkó dógò. Nígbà tí ó fi máa di 1940, igbó ńláńlá tí ó yí àwọn abúlé wọ̀nyí ká ti di oko. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọdún yìí sọ́kàn. N ó padà sí i.

2. Ẹ̀rí-ọkàn ní 1909, àdéhùn ní 1937

Ìtàn ojúṣe ilé-iṣẹ́ nínú òwò kòkó kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní 1901 ni ilé-iṣẹ́ Cadbury ti gbọ́ pé àwọn tí a kó láti Angola gẹ́gẹ́ bí ẹrú ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó ní erékùṣù São Tomé àti Príncipe. Wọ́n rán Joseph Burtt lọ ṣe ìwádìí ní 1905. Ọdún 1909 ni wọ́n tó dẹ́kun rírà á. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé-ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n pe ìwé ìròyìn Standard nítorí ohun tí ó kọ nípa wọn. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní Birmingham dá wọn láre, ṣùgbọ́n owó ìtanràn tí wọ́n fún wọn jẹ́ ìdámẹ́rin kọ́bọ̀ kan ṣoṣo. Ìdájọ́ yẹn ní ìtumọ̀: a gbà pé ẹ kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹ pẹ́ jù.

Cadbury wá yíjú sí Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, níbi tí àgbẹ̀ ti ń gbin kòkó sórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ní 1937, Cadbury wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn kò ní í bá ara wọn díje mọ́ nínú rírà kòkó. Ilé-iṣẹ́ UAC, tí a dá sílẹ̀ ní 1929, ni ó tóbi jù nínú wọn. Àdéhùn náà kan Nàìjíríà pẹ̀lú. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast sọ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Wọ́n kọ̀ láti ta kòkó títí di oṣù kẹrin 1938. Níhìn-ín, Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà pariwo tako àdéhùn náà, ṣùgbọ́n ìkọ̀tajà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ wa, nítorí pé ẹni tí ó ti jẹ owó kòkó kí ó tó kórè kò ní ohun tí yóò fi pamọ́. Ìgbìmọ̀ Nowell tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 1938 dá àdéhùn náà lẹ́bi.

Ẹ kíyè sí i pé ilé-iṣẹ́ kan náà ni. Ó ní ẹ̀rí-ọkàn nípa ẹrú, kò sì rí ohun tí ó burú nínú kí olùrà gbìmọ̀ pọ̀ lórí iye tí òmìnira yóò máa gbà.

3. Igi tí a gé

Ní 1944 ni a rí àrùn tí ń wú ẹ̀ka kòkó ní Nàìjíríà, ìlà-oòrùn Ìbàdàn ni ó sì ti jà jù. Kòkòrò funfun kékeré ni ó ń gbé e kiri, kò sì ní oògùn. Àwọn onímọ̀ sọ pé kí a gé gbogbo igi tí ó ní in. Òtítọ́ ni wọ́n sọ ní ti ìmọ̀ nípa irúgbìn. Ṣùgbọ́n igi tí ó ní àrùn yìí lè máa so fún ọdún díẹ̀ sí i. Ojú àgbẹ̀ ni a ti ń gé igi tí ó ṣì ń fún un ní oúnjẹ, igi tí ó ti fi gbèsè gbìn. Ẹgbẹ́ Máyégùn ní Ìbàdàn dìde sí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí ó sì di nǹkan bí 1950, ìjọba dáwọ́ gígé tipátipá dúró ní ibi tí àrùn ti gbilẹ̀.

Àwọn kan ti fi ìtàn yìí sọ pé àgbẹ̀ kò mọ ohun tí ó dára fún un. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Gígé igi yẹn yóò dáàbò bo kòkó tí ilé-iṣẹ́ yóò rà ní ogún ọdún sí i. Ẹni tí yóò sì pàdánù owó ọdún yẹn ni àgbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pín àdánù náà dọ́gba. Nígbà tí àwọn oko náà darúgbó, òwò náà ṣí lọ sí Oǹdó àti sí àwọn igbó mìíràn ní ìlà-oòrùn. Olùrà lè ṣí lọ. Ilẹ̀ Lálúpọn kò lè ṣí.

4. Ìgbìmọ̀ Ìtajà àti òkè mẹ́fà

Ìjọba dá Ìgbìmọ̀ Ìtajà Kòkó sílẹ̀ ní 1947, ó sì di ti Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954. Ìlérí rẹ̀ dára: bí ọjà àgbáyé bá gbówó lórí, ìgbìmọ̀ yóò fi díẹ̀ pamọ́, bí ó bá wálẹ̀, yóò fi èyí tí ó pamọ́ gbé àgbẹ̀ ró. Owó náà ṣe iṣẹ́ ńlá. Owó kòkó wà lára ohun tí ó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 ró, Ilé Kòkó tí a parí ní 1965 sì ń jẹ́rìí ní Dùgbẹ̀ títí di òní. N kò ní sọ pé ọ̀fọ̀ ni. Púpọ̀ nínú wa tí ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí ni a fi kòkó rán ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà wálẹ̀, àpò tí ó yẹ kí ó gbé àgbẹ̀ ró ti ṣófo. Ìgbìmọ̀ Coker ní 1962 sì fi han gbogbo ayé bí púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe rìn.

Ní 1968 ni Àgbẹ́kọ̀yà bẹ́. Láti Àkànràn, níbi tí Tàfá Adéoyè ti ń darí, títí dé Ẹgbẹ́dá àti káàkiri abúlé, àwọn àgbẹ̀ kọ owó orí. Wọ́n ní kí a fi owó kún iye kòkó, kí a tún ọ̀nà oko ṣe, kí àwọn akóda sì dẹ́kun ìyà. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n lò: òkè mẹ́fà. Òkè kan jẹ́ ọ̀kẹ́ owó ẹyọ, èyíinì ni 20,000. Nígbà tí owó Òyìnbó dé, ó dọ́gba pẹ̀lú ṣílè márùn-ún. Òkè mẹ́fà nígbà náà jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè. Àwọn ènìyàn tí ìjọba ń bá sọ̀rọ̀ ní pọ́n-ùn dá a lóhùn ní òṣùwọ̀n tí ó ti wà kí ìjọba náà tó dé. Wọ́n ń sọ pé àwọn fúnra wọn mọ̀ ọ́n kà. Ní oṣù kẹwàá 1969, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá Tàfá Adéoyè sọ̀rọ̀, owó orí sì wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn kí ó tó di ìgbà náà.

5. Ìlérí àti òfin

Ní 1986, ìjọba tú àwọn ìgbìmọ̀ ìtajà ká. Àgbẹ̀ gba iye tí ó ga, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń yẹ kòkó wò dáadáa mọ́, orúkọ kòkó Nàìjíríà sì bàjẹ́ ní ọjà. Ní 2001, àwọn ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì fọwọ́ sí àdéhùn ní Amẹ́ríkà láti mú iṣẹ́ ìyà tí àwọn ọmọdé ń ṣe kúrò nínú oko kòkó. Ọdún 2005 ni wọ́n dá. Ó di 2008, ó di 2010, ó tún di 2020. Ìlérí tí kò ní ìjìyà, bí ẹni ń dá ọjọ́ fún onígbèsè ni.

Òfin tí Àpapọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2023 yàtọ̀. Ó ní kòkó tí ó bá ti inú igbó tí a gé lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn. Ilé-iṣẹ́ tí ń kó o wọlé ni yóò fi ẹ̀rí hàn, títí kan ojú ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà, ìtanràn rẹ̀ sì lè dé ìdá 4 nínú 100 owó tí ó ń pa níbẹ̀ tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ òfin ni, kì í ṣe ìlérí.

Níhìn-ín ni mo ti ní kí ẹ rántí 1940. Igbó Lálúpọn ti di oko ní ọgọ́rin ọdún ṣáájú ọjọ́ tí òfin yìí dá. Kò sí ẹni tí ó mọ́ ju àgbẹ̀ ibẹ̀ lọ lójú òfin náà. Ṣùgbọ́n a óò wọn oko rẹ̀, a óò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a óò bi í léèrè ìwé ilẹ̀ lórí ilẹ̀ ìdílé tàbí ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ tí kò ní ìwé rí. Ta ni yóò san owó ìwọnlẹ̀ náà? Bí olùrà bá yọ ọ́ nínú iye kòkó, a tún ti gé igi àgbẹ̀ lójú rẹ̀ nìyẹn. Ghana àti Côte d'Ivoire ti rí irú rẹ̀: ní 2019 wọ́n fi 400 dọ́là kún iye tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan kí àgbẹ̀ lè rí jẹ, ṣùgbọ́n owó àfikún mìíràn tí olùrà ń san tẹ́lẹ̀ wálẹ̀.

6. Ìparí

Ohun mẹ́ta ni ìtàn yìí kọ́ mi. Èkínní, ojúṣe tí kò dé inú iye tí a ń ra kòkó kò tíì dé oko. Èkejì, ẹni tí a kò pè sí ibi tí a ti ń ṣe òfin kò ní í gbà pé tirẹ̀ ni. Igi tí a gé ní àwọn ọdún 1940 àti Àgbẹ́kọ̀yà jẹ́rìí sí i. Ẹ̀kẹta, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ilé-iṣẹ́ kò lè gbin kòkó. Àgbẹ̀ kò lè dá gbé e dé Yúróòpù. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè yìí ní àwòrán ilẹ̀ tiwọn lọ́wọ́ ara wọn, kí olùrà san owó rẹ̀, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Ẹni tí ó ni ẹ̀rí ni ó lè sọ iye tí òun yóò tà á.

Bí a bá ṣe èyí, àwọn ará Lálúpọn yóò tún ní ilé Pàràkòyí tí wọ́n lè gbé ẹjọ́ lọ. Bí a kò bá ṣe é, a kàn ń fi ọ̀rọ̀ titun sọ ohun àtijọ́ ni.