Ẹgbẹ́ JUTH ti Jos: Bí Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì Ṣe Tọ́ Agbábọ́ọ̀lù

Jos, ìlú orí òkè tí òtútù rẹ̀ ń mú àjèjì gbọ̀n, ìlú tí tánńganran sọ di ojúkò òyìnbó awakùsà, tí ọkọ̀ ojú irin sì kó Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá wá bá àwọn Berom, Anaguta àti Afizere nínú rẹ̀, kì í ṣe ìlú tí bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí líìgì orílẹ̀-èdè Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1972, Mighty Jets, ọmọ bíbí Jos, ni ó kọ́kọ́ gba ife rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1971 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ sí Jos. Ẹ̀ka náà ni ó di Yunifásítì Jos, tó dá dúró fúnra rẹ̀, ní 1975. Ní Ìbàdàn tí í ṣe ìyá rẹ̀, eré ìdárayá ti gbilẹ̀ ṣáájú, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje NUGA àkọ́kọ́ láàárín àwọn yunifásítì ní 1966. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbé orúkọ yunifásítì yìí dé àárín àwọn ọ̀gá nínú bọ́ọ̀lù, bí kò ṣe ti ilé-ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí JUTH.

Kí ilé iṣẹ́ ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wa. Railways ti Èkó gba ife lọ́pọ̀ ìgbà láyé ìjọba òyìnbó. IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn, tí ilé iṣẹ́ ayánilówó ìjọba ń bọ́, gba ife àwọn agbafe Áfíríkà ní 1976. Síbẹ̀, kí ilé tí a ti ń wo aláìsàn tún máa tọ́ ẹlẹ́sẹ̀ ayò, èyí ṣọ̀wọ́n, ó sì wù mí. Ní ẹ̀wádún àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yìí, JUTH bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ figagbága nínú Premier League ti Nàìjíríà.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ahmed Musa, tí a bí ní Jos ní 1992, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ní JUTH ní 2008. Wọ́n yá a fún Kano Pillars, ó sì gbá góòlù 18 wọlé ní sáà 2009 sí 2010, èyí tí ó ju ti ẹnikẹ́ni lọ nínú líìgì nígbà náà. Ẹ kíyèsí i pé Kano ni ìyìn náà lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ JUTH ló ṣe é. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọjá sí Venlo ní Họ́láńdì, sí CSKA ní Mọsko, sí Leicester ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Góòlù méjì ni ó gbá wọ àwọ̀n Ajẹntínà ní Ife Àgbáyé 2014, méjì mìíràn sì wọ ti Iceland ní 2018.

Àwọn ọmọ tó gbá gáèmù FIFA ní Jos mọ Musa nítorí eré sísá rẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n gáèmù FIFA kò ní líìgì Nàìjíríà nínú rí, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fi JUTH gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Irú àìdọ́gba yìí ni ó mú kí ilé iṣẹ́ Nerjyzed, ti Baton Rouge ní Amẹ́ríkà, ṣe gáèmù Black College Football: The Xperience, tó jáde fún Xbox 360 ní 2009, kí àwọn yunifásítì aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ lè ní pápá tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀lù tiwọn, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má dúró de òyìnbó: ẹ ṣe gáèmù líìgì Nàìjíríà, kí ẹ sì fi JUTH àti Mighty Jets síwájú nínú rẹ̀.